Ẹ Padà Síbi Tí Ẹ Ti Lọ: Lẹ́tà Alásè Kan sí Olóòtú

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ kú àmúmọ́ra àwa òǹkàwé tí a ń fi lẹ́tà dà yín láàmú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá àyè fún èyí kí ọ̀sẹ̀ Àjíǹde tó wọlé, torí bó bá ti kọjá ìgbà náà, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Mo rí ìkéde bíi mẹ́ta nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìjọ kan ń lọ wàásù ní abúlé fún ọjọ́ mẹ́ta nígbà Àjíǹde, òmíràn ń lọ fún ọjọ́ méjì, wọ́n ń tọrọ aṣọ àlòkù, ìwé àti bísíkíìtì fún àwọn ọmọ aláìní. Iṣẹ́ rere ni, èmi náà ti bá wọn lọ rí, n ò sì ní bẹnu àtẹ́ lù ú. Ohun tó gbé mi dìde ni pé ìjọ tèmi náà ti kéde tiwọn. Abúlé tuntun la ń lọ lọ́dún yìí, kì í ṣe èyí tí a lọ lọ́dún tó kọjá. Mo dìde nínú ìpàdé àwọn ìyá, mo ní kí ló dé tí a ò padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá Alásè, pápá pọ̀ o, ẹ jẹ́ ká máa tẹ̀síwájú." Ẹnìkan tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní àwòrán àwọn ọmọ kan náà lọ́dún méjì léra, ta ló fẹ́ dáwó sí i? Àwàdà ló fi ṣe. Láti ọjọ́ náà ni kò ti kúrò létí mi.

Kí ẹ má bàa rò pé ọ̀mọ̀wé kan ló ń kọ̀wé sí yín, alásè ni mí. Ọdún 31 rèé tí mo ti ń dáná ìyàwó, dáná òkú, dáná ìkómọ nínú Abẹ́òkúta yìí, láti Aké dé Ìbarà, láti Kútọ̀ dé Láfẹ́ńwá. Bí ẹ bá ti jẹ ọ̀fadà níbi òkú àgbà kan ní Ìtòkú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lọ́wọ́ mi lẹ ti jẹ ẹ́. Ẹ bi mí ní kóńgò ìrẹsì tí yóò tó ọgọ́rùn-ún èèyàn, n óò dá yín lóhùn lójú oorun. Ẹ̀kọ́ Bíbélì tó jinlẹ̀, ẹ lọ bá àlùfáà.

Àwa 23 la lọ lọ́dún tó kọjá. A gba Láfẹ́ńwá jáde láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì kan àti mọ́tò akẹ́rù kékeré kan, ó di abúlé àwọn apẹja kan létí omi dáàmù Ọ̀yán. N ò ní dárúkọ abúlé náà, nítorí àwọn ọmọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Yorùbá wà níbẹ̀, àwọn tó ti Òkè Ọya wá pẹja náà wà níbẹ̀, ọmọ wọn sì jọ ń ṣeré pọ̀ débi tí èèyàn ò fi mọ ta ni ti ta.

Níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni àṣìṣe ti wọlé, kí mọ́tò tó ṣí rárá. Ìkòkò irin ńlá méjì ni mo gbé wá, irú èyí tí ọkùnrin méjì ń gbé, pẹ̀lú sílíńdà gáàsì kan. Mo bá sípíkà gogoro mẹ́rin nínú ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀, kíbọ́ọ̀dù, àti ẹja ńlá kan tí àwọn ọ̀dọ́ fi páálí ṣe fún eré Jónà. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń to ẹrù ní, "Mọ́mì, ìkòkò kan á tó yín, kò sáyè mọ́. Gáàsì náà léwu lẹ́gbẹ̀ẹ́ epo jẹnẹrétọ̀." Èmi tí mo ti ń dáná láti ọdún 31, mo mọ̀ dájú pé ìkòkò kan kò lè tó. Mo sì dákẹ́. Mo rò ó pé wọn á ní ìyá yìí fẹ́ràn ìkòkò ju ìhìnrere lọ. Bí mo bá ń sọ ẹ̀bi àwọn ẹlòmíràn nísàlẹ̀, ẹ jẹ́ ká ti gbé tèmi ṣáájú.

Nọ́ọ̀sì kan wà nínú wa, ọmọ ìjọ wa ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Òun ló ti bá àwọn elétò ìlera sọ̀rọ̀ títí tó fi rí oògùn atọ̀sí ajá gbà fún àwọn ọmọ náà. Àwa àgbà mọ atọ̀sí ajá: ọmọ á máa tọ̀, á máa ta á, ẹ̀jẹ̀ á máa kán tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ibi tó ti ń wá, inú bọ́ọ̀sì ni nọ́ọ̀sì ti là á yé mi. Aràn ni. Bí ẹni tó ní in bá tọ̀ sómi, ẹyin aràn náà á pa síbẹ̀, ohun tó pa jáde á wá ìgbín kékeré kan tó ń gbé inú omi rí, á wọ inú ẹ̀, á pọ̀ sí i níbẹ̀. Bí wọ́n bá jáde lára ìgbín, wọ́n á máa lúwẹ̀ẹ́ kiri. Ọmọ tó wá wẹ̀, tàbí tó bá bàbá ẹ̀ fa àwọ̀n, awọ ara ẹ̀ ni wọ́n á gbà wọlé, kódà bí kò sí egbò kankan níbẹ̀. Kò dìgbà tó bá mu omi náà. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nítòsí àpò ìtọ̀ ni wọ́n ń fi ṣe ilé, bó bá sì pẹ́, wọ́n lè ba àpò ìtọ̀ jẹ́, kó kan kíndìnrín.

Praziquantel lorúkọ oògùn ẹ̀. Ilé iṣẹ́ Merck ní Jámánì ló ń fi í ta Àjọ Ìlera Àgbáyé lọ́rẹ láti ọdún 2007, pàápàá fún àwọn ọmọ iléèwé nílẹ̀ Áfíríkà. (Mo mẹ́nu bà á torí pé bí wọ́n ṣe ròyìn ìrìn-àjò wa nínú ṣọ́ọ̀ṣì, èèyàn á rò pé ìjọ wa ló rà á.) Ọ̀pá gígùn kan tí wọ́n fàlà sí ni wọ́n fi ń wọn ọmọ. Ibi tí orí ọmọ bá dé lára ọ̀pá ni yóò sọ iye tí yóò lò, ẹyọ kan, ẹyọ kan àbọ̀, títí dé mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún èyí tó bá ti ga. Oògùn náà tóbi, ó sì korò jogbo. Nǹkan kan ṣoṣo ni nọ́ọ̀sì wí tó tún wí: ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun kó tó gbé e mì.

Ẹ ò rí i pé ìkòkò mi ni gbogbo ẹ̀ dúró lé.

Òjò rọ̀ mọ́jú Ọjọ́ Ẹtì. Igi tí a rí ṣà tutù rinrin. Mo fẹ́ iná títí ojú mi fi di ẹ̀jẹ̀, èéfín bo gbogbo wa. Obìnrin abúlé kan dúró tì mí, ó ká ọwọ́ gbera, ó ń wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ìgbà tí a wá mọra lẹ́yìn náà ló tó sọ fún mi pé igi gbígbẹ kún inú ilé ìdáná òun lọ́jọ́ náà, pé òun ń retí kí ẹnìkan nínú wa béèrè ni.

Aago mẹ́wàá kọjá kí ìrẹsì àkọ́kọ́ tó jinná. Ọmọ bíi 70 ló jẹ nínú ẹ̀. Àwọn bíi 80 tó kù jókòó nílẹ̀, wọ́n ń wo àwọn ẹgbẹ́ wọn lẹ́nu. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ àsè, n ò jẹ́ kí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lójú mi rí, àwọn ọmọ tó jókòó síbi oúnjẹ tí oúnjẹ kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo fọ ìkòkò, mo tún gbé omi kaná.

Olórí ìrìn-àjò wa ń wo aago. Eré Jónà ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa fún àwọn tó kù lóògùn, pé oúnjẹ ń bọ̀ lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì wà nídìí ìlà àkọ́kọ́ níbi ọ̀pá, kò gbọ́. Àwọn ọ̀dọ́ wa méjì ló wà nídìí ìlà kejì. Wọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní bísíkíìtì méjì, wọ́n ní ó ti jẹun nìyẹn.

Kò pé wákàtí kan. Ọmọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò pupa wá dúró níwájú ààrò mi, ó fọwọ́ méjèèjì di inú, ó ní, "Ìyá, òòyì ń kọ́ mi." Kí n tó ju ọmọrogún sílẹ̀, ó ti bì sórí eérú. Bí mo ṣe ń fi omi bọ́ ojú fún un ni mo gbọ́ òmíràn lẹ́yìn ilé, lẹ́yìn náà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Jónà wà nínú ẹja páálí, ó ń gbàdúrà lórí sípíkà, àwọn ọmọ ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń di inú mú. Àwọn ìyá sáré dé. Ọ̀kan pariwo pé, "Wọ́n ti fún wọn ní májèlé!" Ìyá àgbà kan gbé ọmọ ọmọ ẹ̀ pọ̀n, ọmọ tó ti tó ọdún mẹ́sàn-án, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ó gba iwájú sípíkà wa kọjá, kò tilẹ̀ wò wá.

Nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, Ọlọ́run ló máa san án fún un. Ó tẹ́ àwọn ọmọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń lọ láti orí ọ̀kan sí òmíràn, ó ń ṣàlàyé fún àwọn ìyá pé oògùn náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé inú òfìfo ló jẹ́ kó le tó bẹ́ẹ̀, pàápàá fún ọmọ tí aràn pọ̀ lára ẹ̀. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn ti dìde. Kò sí èyí tó nílò ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ Sátidé mọ́, ọmọ 19 péré ló wá jókòó síwájú sípíkà mẹ́rin.

Mo fẹ́ ṣe ẹ̀tọ́ fún olórí wa. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì yẹn ló wá bá mi nídìí ààrò, ó ní, "Mọ́mì, èmi ni mo fà á," ó fi owó tiẹ̀ ra ògì lọ́wọ́ àwọn ará abúlé, ó ní kí n po ẹ̀kọ fún àwọn ọmọ. Mo po ó, a dà á sí kúlà, èmi àti nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e láti ojúlé dé ojúlé, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ká ní ìyẹn la kọ́kọ́ ṣe nígbà tí a dé ni. Nínú wákàtí méjì yẹn ni mo mọ ohun tí ọjọ́ méjì tó ṣáájú kò jẹ́ kí n mọ̀.

Ilé ọmọ ṣòkòtò pupa la dé ṣìkẹta. Obìnrin tó ń wo iná mi láàárọ̀ ni ìyá ẹ̀. Ó ń sọ ọbẹ̀ kalẹ̀ bí a ṣe wọlé. Alásè ni mí, ohun tí èèyàn fi ń di ìkòkò gbígbóná mú ni ojú mi máa ń lọ. Tíṣẹ́ẹ̀tì ló fi dì í mú, orúkọ ìjọ kan ló wà lẹ́yìn ẹ̀, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n wá. Èyí tó wà lọ́rùn ọmọbìnrin ẹ̀, ìjọ mìíràn, ọdún mìíràn. Ẹ̀kẹta wà lórí okùn níta. Mo bi í pé èwo nínú wọn ló padà wá. Ó fi ìdérí bo ọbẹ̀ kó tó dáhùn. Ó ní, "Ìyá, gbogbo wọn ló máa ń ní àwọn ń bọ̀."

Nọ́ọ̀sì jókòó ti ọmọ náà, ó bi í pé ó ti tó ìgbà wo tó ti ń tọ ẹ̀jẹ̀. Ojú kò tì í rárá. Ó ní òun ti di ọkùnrin ni. Ó ní gbogbo ẹgbẹ́ òun ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tí kò bá tíì ṣe é, ọmọ kékeré ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó ń fi yangàn! Mo wo ìyá ẹ̀. Ó ní bàbá ẹ̀ náà ṣe é nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì lọ fúnra ẹ̀. Òun ò kà á sí àìsàn. Bó bá jẹ́ ibà ni, òun ì bá ti wá nǹkan ṣe sí i.

Láàárọ̀ Sátidé ó mú mi lọ wo ẹ̀rọ omi wọn, irú èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà. Apá ẹ̀ ti kán, ẹnìkan ti fi okùn dì í rí, okùn náà ti jẹrà. Adìyẹ kan sàba sábẹ́ ẹ̀, ó gbọn ìyẹ́ sí wa. Láti ibẹ̀, ẹ̀ ń rí omi dáàmù tó tẹ́ lọ rẹrẹ níwájú, ọmọ bíi mẹ́wàá wà nínú ẹ̀ títí dé ìbàdí. Àwọn tí wọ́n bì lánàá ni.

Ọdún 1983 ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí dáàmù Ọ̀yán. Wọ́n ṣe é kí omi lè dé Èkó àti Abẹ́òkúta. Àwọn abúlé kan wà níbẹ̀ kí omi tó gba ilẹ̀ wọn, wọ́n ní kí wọ́n ṣí lọ síbòmíràn létí ẹ̀. Omi tó bá dúró sójú kan bẹ́ẹ̀ ni ìgbín yẹn fẹ́ràn. Nítorí pé kí àwa ará ìlú lè ṣí ẹ̀rọ (lọ́jọ́ tó bá yọ), àwọn ọmọ apẹja ń tọ ẹ̀jẹ̀. N ò sọ pé ká wó dáàmù. Mo kàn ń sọ pé bí a bá ń lọ síbẹ̀, kí a má ṣe bí ẹni tó ń lọ ta wọ́n lọ́rẹ.

Nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí a ń bọ̀, nọ́ọ̀sì sọ ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ lẹ́tà yìí. Ó ní oògùn yẹn, aràn tó ti dàgbà ló ń pa. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara ọmọ, kò ní agbára lórí ẹ̀, nítorí náà ó dára kí wọ́n tún un lò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kò sì ń dènà. Ọmọ tó lò ó lánàá, tó wọ omi lónìí, ó ti tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ní, "Nígbà náà, ọjọ́ mẹ́ta tí a lọ yìí, kí la lọ ṣe?" Kò dá mi lóhùn. Wọ́n ń kọrin ọpẹ́ lẹ́yìn wa.

Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn mọ ìtàn yìí jù mí lọ. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1843 ni Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta. Ó wò ó, ó lọ. Ká ní ó parí síbẹ̀ ni, ta ni yóò rántí ẹ̀? Ó padà. Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá tó gbà á lálejò, ti kú, ọ̀nà kò dára, ó di dandan kí òun àti Àjàyí Crowther dúró sí Àgbádárìgì fún ọdún kan ó lé, kí wọ́n tó dé ibí ní 1846. Ìgbà tí Crowther dé ibí ló tún fojú kan ìyá ẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí wọ́n ti kó o lẹ́rú. Ní 1859 Townsend ṣì wà níbí, ó ń tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn Ẹ̀gbá, bàbá ńlá irú iṣẹ́ tí ẹ̀yin ń ṣe lónìí. Àwọn kan ní ẹjọ́ tí wọ́n fẹ́ bá a rò, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé kò padà wá. Ọmọ ìlú tí ìhìnrere ti bá wọlé báyìí ni wá, àwa náà la wá ń sọ pé pápá pọ̀.

Ní oṣù Òkúdù, èmi, nọ́ọ̀sì àti ìyá ìjọ méjì padà lọ. Nọ́ọ̀sì ló tún ṣètò oògùn. A ò gbé sípíkà. Ìkòkò méjèèjì ni mo gbé, ohun tí mo sì kọ́kọ́ béèrè bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ ni igi. Ìyá ọmọ ṣòkòtò pupa rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ló sọ fún mi pé aago méje àárọ̀ ni àwọn ọmọ ń dé láti ìdí àwọ̀n, ebi á ti máa pa wọ́n, pé kí oúnjẹ ti wà nílẹ̀ nígbà náà. Wọ́n ní ìrẹsì kì í pẹ́ nínú ọmọ, kí n jẹ́ ká ro àmàlà láfún. Aago mẹ́rin òru la dáná. Wọ́n mú ẹja wá, èmi mú ata àti epo. Ẹ wo àwa obìnrin mẹ́sàn-án yí ìkòkò méjì ká, a ń lagun, a ń bú ara wa nítorí iyọ̀. N ò mọ̀ bóyá ìyẹn náà ń jẹ́ míṣọ̀n.

Ọmọ 64 ló wá, kò tó ìdajì àwọn ti àkọ́kọ́. Ìyá àgbà yẹn kò jẹ́ kí ọmọ ọmọ ẹ̀ yọjú, n ò sì bá a jà. Inú ń ta àwọn díẹ̀, kò sí èyí tó bì. Ọmọ ṣòkòtò pupa ló ń bá nọ́ọ̀sì di ọ̀pá mú, ó ń pàṣẹ fún àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ pé kí wọ́n nàró dáadáa. Nígbà tó kan òun, ó fà sẹ́yìn díẹ̀. Ó bi nọ́ọ̀sì pé bí ẹ̀jẹ̀ náà bá dá, ṣé òun ò ní padà di ọmọ kékeré. Nọ́ọ̀sì ní rárá o, irùngbọ̀n ni yóò hù. Ó gbé e mì.

Gbogbo owó tí a ná lọ́jọ́ yẹn kò tó owó tí a fi háyà sípíkà mẹ́rin nígbà àkọ́kọ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le. Ẹ̀yin ìjọ tó ń múra Àjíǹde, bí ẹ bá ti lọ síbì kan rí, ẹ padà síbẹ̀ kí ẹ tó wá ibòmíràn. Ẹ rán ẹni méjì ṣáájú, kí wọ́n lọ bi àwọn ìyá ibẹ̀ ní ìgbà tí ọmọ ń jẹun àti ibi tí igi wà. Owó tí ẹ fẹ́ fi tẹ orúkọ ìjọ sẹ́yìn tíṣẹ́ẹ̀tì, ẹ fi wá ẹni tó mọ ẹ̀rọ omi tún ṣe, torí ọmọ tó bá rí omi bù nílé kò ní í wọ dáàmù lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Àwòrán àwọn ọmọ náà ńkọ́? Ìwé ìpolówó ìrìn-àjò ìjọ wa tọdún yìí ti jáde, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ṣòkòtò pupa ló wà níwájú ẹ̀ gbàgbàgbà, ó ń rẹ́rìn-ín, bísíkíìtì méjì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Bísíkíìtì yẹn náà ni. Wọ́n ń fi ojú ẹ̀ tọrọ owó láti lọ sí abúlé tí kì í ṣe tiẹ̀, kò sì sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ ìyá ẹ̀.

Èmi náà ò tíì padà lọ láti oṣù Òkúdù. Àsè gbà mí lọ́wọ́, mo ń sọ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí a ń kúrò lọ́jọ́ náà, ọmọ yẹn sáré tẹ̀ lé mọ́tò wa, ó ní, "Ìyá, ẹ gbàgbé ìkòkò kan!" Mo ní n ò gbàgbé ẹ̀, kó sọ fún ìyá ẹ̀ kó máa bá mi lò ó, n óò wá gbé e.

Ìyàwó méjì ni mo fẹ́ dáná fún lẹ́yìn Àjíǹde, ìkòkò kan kò sì lè tó. Nítorí náà, mọ́tò ìjọ lọ o, kò lọ o, èmi àti nọ́ọ̀sì ń gba Láfẹ́ńwá jáde láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Àyè ẹni mẹ́ta ṣì wà nínú mọ́tò tí mo háyà. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó mú ata lílọ̀ dání.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Alásè,
Kútọ̀, Abẹ́òkúta.